Ère bàbá tó di àgbà: ojú ọ̀dọ́ ni àbí ojú arúgbó?

Ọmọ Ìlódè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìdílé kan láti Iléṣà gbéṣẹ́ wá fún ọ̀gá mi ní Ifẹ̀ níbí: ère sìmẹ́ǹtì bàbá wọn, olóyè tó lé lọ́gọ́rin ọdún kó tó fi ilẹ̀ bora. Àkọ́bí ní ká gbé ojú bàbá bó ṣe rí lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, tòun ti ìhunjọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fàáké kọ́rí, ó ní fọ́tò ọjọ́ ìwúyè ni ká wò, ojú tó ń dán. Mo lọ wo àwọn orí idẹ ní mùsíọ́mù Ẹnuwá. Àwọn tí mo rí, ojú wọn jọ̀lọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n làwọn kan ní. Báwo làwọn ará Íjíbítì àti Róòmù àtijọ́ ṣe ń ṣe tiwọn? Ọ̀gá mi fẹ́ mọ̀ kó tó po sìmẹ́ǹtì.

Tíṣà Iléṣà: Ọmọ mi, o káre. Ohun tí ọba bá fẹ́ kí ará ìlú gbà nípa òun ni wọ́n ń gbẹ́ sójú rẹ̀.

Wo ère Khafre, ọba Íjíbítì àtijọ́, tó wà ní Cairo, òkúta líle bí irin, iṣẹ́ bíi 4,500 ọdún sẹ́yìn. Ojú ọba balẹ̀, kò sí àmì ọjọ́ orí kankan. Àṣá kan bà sẹ́yìn orí rẹ̀, ó fi ìyẹ́ méjèèjì gbá a mọ́ra: Horus nìyẹn, òrìṣà tó ń ṣọ́ ọba. Tó o bá dúró lọ́gangan iwájú, o ò ní rí àṣá yẹn rárá, àfi kó o yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo ère ọba tí mo mọ̀, òun ló wù mí jù.

Senusret Kẹta, tó jọba ní bíi 1850 ọdún ṣáájú ìbí Krístì, gba ọ̀nà mìíràn: ìpéǹpéjú wúwo, ìhunjọ ẹ̀gbẹ́ imú jìn, etí fẹ̀. Ara rẹ̀ ńkọ́? Ti ọ̀dọ́ tó le koko ni.

Róòmù náà ní méjèèjì. Augustus, olú ọba Róòmù, ti lé ní 75 ọdún nígbà tó kú lọ́dún 14 lẹ́yìn ìbí Krístì, síbẹ̀ ojú ọ̀dọ́ ni wọ́n ń gbẹ́ fún un. Ti Vespasian, ọ̀gágun tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 69, orí pípá àti ìhunjọ ni, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ Nero, olú ọba onífáàrí ìgbà kan.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Ifẹ̀: Ẹ má fọwọ́ rọ́ àkọ́bí sẹ́yìn o. Àwọn ìdílé ńlá Róòmù máa ń fi ìda ṣe ojú àwọn bàbá ńlá wọn pamọ́ sílé. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn èèyàn á gbé e wọ̀, wọn á tẹ̀ lé òkú. Lọ́dọ̀ wa l'Ọ́wọ̀, àkó ni: ère tó jọ olóògbé, tí wọ́n á wọ aṣọ fún kí wọ́n tó gbé e kiri ìlú. Bí kò bá jọ ọ́, ta ni wọ́n ń ṣẹ̀yẹ fún?

Tíṣà Iléṣà: Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ní Íjíbítì, orúkọ tí wọ́n fín sára ère ló ń sọ ẹni tó ni ín. Ramses Kejì gba ọ̀pọ̀ ère àwọn ọba tó ṣíwájú rẹ̀, wọ́n fín orúkọ tirẹ̀ sí i, ó di tirẹ̀. Ní Róòmù, ojú ló ń sọ̀rọ̀: lẹ́yìn tí Nero ṣubú, wọ́n tún àwọn orí òkúta rẹ̀ kan gbẹ́, wọ́n di Vespasian. Nítorí náà, ẹ fín orúkọ àti oyè bàbá sísàlẹ̀ ère kó hàn ketekete, kẹ́ ẹ gbé ojú àgbà fún àkọ́bí. Èjìká ni kẹ́ ẹ fi tẹ́ àbúrò lọ́rùn; kó le bíi ti Senusret.

Ọmọ Ìlódè: Ẹ ṣé gan-an, sà. Àkọ́bí ti gbà. Àbúrò ní òun á wá fojú ara òun wo ère amọ̀ tá a máa fi ṣe àpẹẹrẹ ná. Báwo ló ṣe yẹ kí ìhunjọ jìn tó? Inú oòrùn lère á wà.

Tíṣà Iléṣà: Jẹ́ kó jìn ju bó o ṣe rò lọ. Oòrùn ọ̀sán máa ń pa ìlà tín-ín-rín rẹ́. Ìdí nìyẹn táwọn ará Íjíbítì fi máa ń gbẹ́ àwòrán ara ògiri ìta wọnú òkúta, kí òjìji lè dúró sínú ìlà. Inú ilé ni wọ́n ti sábà ń gbẹ́ èyí tó yọ síta. Ti ẹ̀gbẹ́ imú ni kó o kọ́kọ́ fà.