Yanrìn gbé táyà wa mì létí Lake Powell

Bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ìrírí wọn nípa ìpàgọ́, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì gbéra láti Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, lọ pàgọ́ létí Lake Powell, adágún ńlá tí dáàmù dá sílẹ̀ ní ààlà Arizona àti Utah. A gba Flagstaff, níbi tí òtútù ti mú wa lábẹ́ igi páínì, ká tó já sí aṣálẹ̀ pupa tí igbó rẹ̀ ò ga ju orúnkún èèyàn lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ nígbà tá a kọjá ìlú Page.

Lone Rock la pàgọ́ sí, ní apá Utah. Orí yanrìn etí omi ni, ibi tó bá wù ọ́ lo máa dúró sí. Mo rí àwọn ọkọ̀ tó sún mọ́ omi dáadáa, mo ní ká sún mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, táyà ẹ̀yìn ti rì. Bí mo ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ló ń walẹ̀ sí i.

Bàbá kan, ọmọ ẹ̀yà Navajo, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń pẹja nítòsí gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn wá. Kò bi wá léèrè nǹkan kan. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbẹ́ yanrìn kúrò níwájú táyà, ó wá mú ẹnu kọ́kọ́rọ́, ó fi tẹ ihò afẹ́fẹ́: ṣììììì! Ó tú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí wọ́n fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí. Ó ní kí n má tẹ iná púpọ̀, kí n rọra. Ọkọ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyàwó mi bu ìrẹsì fún un, ó jókòó tì wá, ó jẹ ẹ́ tán.

Bàbá náà ló na ọwọ́ sí àpáta òdìkejì. Ìlà funfun gbòòrò kan wà lára rẹ̀, ó ga ju ilé alájà mélòó kan lọ, bí èyí tó máa ń wà lára ìkòkò tí omi bá gbẹ nínú rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ lomi dé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Ọdún 1963 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn dáàmù Glen Canyon, tí odò Colorado bẹ̀rẹ̀ sí kún lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún 1980 ló tó kún dé ẹnu. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ̀dá ti fà á débi pé kò ju nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 lọ. Inú mi bàjẹ́ bí mo ṣe ń wò ó. Ilẹ̀ tá a pàgọ́ sí yẹn, abẹ́ omi ló wà tẹ́lẹ̀.

Lóru, atẹ́gùn dé, ó fa gbogbo èèkàn àgọ́ yọ. Èèkàn kì í dúró nínú yanrìn, ẹ gbọ́ o. Ẹ rọ yanrìn sínú àpò, ẹ so okùn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀.

Láàárọ̀, a sáré lọ sí Antelope Canyon, ọ̀gbun àpáta tóóró kan nítòsí Page, àṣé aago Utah ni fóònù wa ń kà. A dé Page ní wákàtí kan ṣáájú àkókò, torí Arizona kì í yí aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru bíi ti Utah.

Ilẹ̀ Navajo ni ọ̀gbun náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ láìsí amọ̀nà. Ọ̀nà ibẹ̀ há, apá rẹ lè kan ògiri méjèèjì. Omi ló gbẹ́ ẹ. Ní 12 oṣù kẹjọ ọdún 1997, òjò tó rọ̀ níbi jíjìn ló sọ àgbàrá sínú rẹ̀, ó sì gbé èèyàn 11 lọ. Ojú ọ̀run ò ṣú lórí ibi tí wọ́n dúró sí. Àwọn tó bí wa ti sọ ọ́: àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní báyìí, àtẹ̀gùn irin ló wà níbẹ̀, wọ́n kàn án mọ́ àpáta.

Ọmọ mi obìnrin fi ìka tọ ìlà omi tó wà lára ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè títí ọwọ́ rẹ̀ ò fi tó o mọ́. Ó bi amọ̀nà bóyá òjò ń rọ̀ níbòmíràn báyìí. Arábìnrin náà yọ rédíò tó wà níbàdí rẹ̀, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lókè, ó dúró kó gbọ́ ìdáhùn, ká tó gun àtẹ̀gùn tó kàn.