Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìwé ìyapa mi kò tíì já ìgbéyàwó

Olùbéèrè, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin àgbà, ilé ẹjọ́ ti fún èmi àti ọkọ mi ní ìwé ìyapa, síbẹ̀ ìyàwó ọkùnrin yìí ni ayé ṣì mọ̀ mí sí. Ní Ojúde Ọba tó kọjá, obìnrin tó ń bá a gbé wọ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹbí rẹ̀ sì ń kí i ní "ìyàwó wa" lójú mi. Fírísà tí mo fi ń ta ẹja pàápàá, àbúrò rẹ̀ ló ń lò ó. Mo fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀ pátápátá.

Ìyá Àgọ́-Ìwòyè: Ọmọ mi, lọ sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ tèmi. A dá owó ìdána padà, ó sì parí.

Bàbá Ṣàgámù: Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá jẹ́ rẹ́jísírì ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ilé ẹjọ́ gíga nìkan ni òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ọdún 1970 fún lágbára láti tú u. Ìwé ìyapa kàn yọ̀ǹda kí wọ́n má gbé pọ̀ ni. Ó gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ lè gba ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ọmọ Ìpẹ́rù: Àwọn obìnrin òde òní kò mọ ìfaradà.

Ìyá Àgọ́-Ìwòyè: Ìwọ wo ni o fara dà rí?

Olùbéèrè: Rẹ́jísírì ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ ìfaradà fún mi: lẹ́yìn ìwé ìyapa, mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan, níbi tí mo ti bí àbíkẹ́yìn wa, kí n tó jáde lọ́dún tó kọjá.

Bàbá Ṣàgámù: Háà, arábìnrin, ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ nìyí! Ọdún 2 ni ẹ óò fi gbé lọ́tọ̀ bí ọkọ kò bá tako ìkọ̀sílẹ̀, ọdún 3 bí ó bá tako. Òfin a sì máa fojú fo gbígbé pọ̀ tí kò ju oṣù 6 lọ, ṣùgbọ́n tiyín kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí náà láti ọdún tó kọjá ni a óò bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ bi lọ́yà bóyá ẹ̀rí wà pé ọkọ yín ń ṣe àgbèrè. Adájọ́ yóò béèrè ètò àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Àṣẹ rẹ̀ yóò sì lo oṣù 3 kó tó fìdí múlẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹlòmíràn ṣáájú ìgbà náà.

Olùbéèrè: Àìsàn ọmọ ló dá mi padà, kì í ṣe ìfẹ́.

Bàbá Ṣàgámù: Mo gbọ́. Ọjọ́ tí ẹ jáde ni adájọ́ yóò béèrè. Ẹ wá ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i.