Owó ilé-ìwé ọmọ mi pòórá nínú àkáǹtì, ọkọ mi ní òun kọ́

Ìyá Ayọ̀ (ẹni tó béèrè)
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Tíṣà ni mí n'Íbàdàn níbí, káfíńtà lọkọ mi, ọmọ mẹ́ta la bí. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, ṣe lowó ilé wa ń dà bí omi inú apẹ̀rẹ̀. Ni mo bá jókòó lọ́jọ́ kan, mo ní mi ò ní í ṣe báyìí kú. Mo pín owó sí àkáǹtì márùn-ún: ọ̀kan tí owó oṣù ń wọ̀, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún owó ilé-ìwé, ọ̀kan fún owó ilé tí à ń gbé, ọ̀kan fún àìsàn àti ohun tó bá ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Bí owó oṣù bá ti wọlé, ilẹ̀ kì í ṣú kí n tó pín in tán. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa, ó wo bébà yẹn, ó bi mí pé ṣé ilé nìyí àbí ọ́fíìsì. Mi ò fèsì. Ìyá tó jẹ́ abẹ́ ẹní ló ń kó owó sí tí eku fi jẹ ẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn! Ẹ jẹ́ ká fi tìyẹn sílẹ̀. Bàbá Ayọ̀ náà ò fẹ́ràn ètò yìí. Ó ní mo sọ òun di ẹni tó ń tọrọ owó ata nínú ilé ara òun.

Ní Mọ́ńdè, mo fẹ́ san owó ilé-ìwé. 212,000 náírà ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ṣí fóònù, 1,340 ni mo bá. Mo pa á, mo tún un tàn, 1,340 náà ni. Kò sẹ́ni tó tún mọ PIN mi ju Bàbá Ayọ̀ lọ, torí òun ló ń bá mi gbowó nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn wa. Mo bi í, ó ní òun kọ́. Ó búra. Ṣùgbọ́n ó ra ẹ̀rọ ìfági tuntun ní oṣù keje! Níbo ló ti rówó? Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ọ̀yọ́, mo rò ó fún un. Láti Túsìdeè, ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún ni Bàbá Ayọ̀ ń sùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni pé, báwo ni mo ṣe máa to àwọn àkáǹtì yìí tí ọwọ́ ọkọ ò fi ní í dé owó ilé-ìwé mọ́? Ṣé kí n kó o lọ sí báǹkì mìíràn ni?

Àǹtí Bódìjà
Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Yí PIN yẹn padà lálẹ́ òní. Kó o tún ṣí ọ̀kan tí kò ní í gbọ́ nípa rẹ̀ rárá, má gba káàdì sí i. Ọkùnrin tó bá rí owó ilé-ìwé tó rò pé igi ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Bàbá Dáre
Àkáǹtì márùn-ún! Owó oṣù tíṣà! Ìwọ ọmọbìnrin yìí, kí lo fẹ́ pín? Nígbà tí èmi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, mo ń fún ìyàwó mi lówó oúnjẹ lọ́wọ́, ó tán. Ọmọ méje ló jáde nílé-ìwé. Ìwọ ti pe ẹbí ọkọ kó o tó pe báǹkì. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà
Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí torí ó ti ṣe mí rí, bí ò tilẹ̀ jẹ́ ọkọ. Ọdún 2016, alájọ wa, ọmọlúwàbí èèyàn, ó máa ń bá wa gbé ọmọ pọ̀n. Ojoojúmọ́ ni mò ń dá 500. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó san án, ló bá kẹ́rù. A dé ilé rẹ̀, àga oníke kan ló kù ní pálọ̀. Àga yẹn ni mo gbé bọ̀. Ó ṣì wà nílé mi dòní, tí mo bá jókòó lé e, inú á tún bí mi. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọjà wa ni mo ń kó owó sí.

Ẹni Báǹkì Tẹ́lẹ̀
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo ṣiṣẹ́ báǹkì fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ sọ pé owó dín, ẹ ò sọ bó ṣe jáde. Ṣé ATM ni, àbí POS, àbí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹlòmíì? Lọ́jọ́ wo? Kí ni wọ́n kọ sínú alert?

Ìyá Ayọ̀
Bàbá Dáre, ẹ ṣé o, sà. Ṣùgbọ́n nígbà rélùwéè, ṣé àpò gaàrí ń tó iye tó ń jẹ́ báyìí? Mo pín owó nítorí pé tó bá wà lójú kan, oúnjẹ ló ń jẹ ẹ́ tán. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé Ayọ̀ wálé. Látìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wọn ò lé e rí. Èmi ló sì ń fi owó síbẹ̀ jù. Àǹtí Bódìjà, mo ti yí PIN. Ní ti alert, mo ti ní kí wọ́n pa á láti oṣù karùn-ún, nítorí náírà mẹ́fà-mẹ́fà tí wọ́n ń yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kọ́lá Ṣàgámù
Ẹ̀gbọ́n, mi ò dá sí tọkọtaya o. Ètò yín lówó ń jò níbẹ̀. Ṣé báǹkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn márààrún? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pín owó tó tó 10,000, ẹ ń san 50 náírà ìjọba, ẹ tún ń san owó ìfiránṣẹ́, 25 tí kò bá ju 50,000 lọ, 50 tó bá jù bẹ́ẹ̀. Àwọn káàdì náà, 50 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá tún lọ gbowó lẹ́nu ATM báǹkì tí kì í ṣe tiyín, 100 lórí 20,000 láti oṣù kẹta 2025. Inú báǹkì kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣí mẹ́ta sí. Láàárín orúkọ kan náà nínú báǹkì kan náà, ẹ ò ní í san owó ìjọba yẹn. Kí ẹ gba káàdì fún ti oúnjẹ nìkan.

Tí ẹ bá sì ń gbowó nínú àkáǹtì ìfowópamọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù, èlé oṣù yẹn ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀.

Bàbá Dáre
Ẹ gbọ́, Kọ́lá ti sọ ọ́. Owó tí ẹ fi ń pín owó! Obìnrin tó bá ní àkáǹtì márùn-ún, ó ní kẹfà tó ń fi pamọ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Tí obìnrin ò bá fi pamọ́, lọ́jọ́ tí ọkọ bá ní kò sówó, kí lẹ fẹ́ kí ọmọ jẹ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí méje, ṣé ẹ bi ìyàwó yín bó ṣe ṣe é?

Bàbá Dáre
Ìyàwó mi ń ta aṣọ. Kò pa nǹkan kan mọ́ fún mi.

Àǹtí Bódìjà
Bàbá rò bẹ́ẹ̀ ni 😂

Ọmọ Òṣogbo
Èmi ò fi gbogbo owó sí báǹkì mọ́ láti oṣù kejì 2023, nígbà tí wọ́n ní kí a kó náírà àtijọ́ wá tí a ò rí tuntun gbà. Owó wà nínú fóònù mi, mo sì ń tọrọ gaàrí lọ́wọ́ aládùúgbò. Kóló ni mo lọ kàn lọ́dọ̀ káfíńtà. Ẹ ẹ́ rí i, kóló ò mọ PIN ẹnikẹ́ni.

Ẹni Báǹkì Tẹ́lẹ̀
Ìyá Ayọ̀, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ẹ ṣí app náà, ẹ lọ síbi àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ẹ wo ọjọ́ tí owó yẹn lọ, kí ẹ kọ ohun tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Ìyá Ayọ̀
Ẹ̀yin náà ti ń da ọ̀rọ̀ bò mí bíi ti ẹbí ọkọ mi. Tó bá gba owó, ó gba owó. Ṣé ohun tí wọ́n kọ sí i ló máa san owó ilé-ìwé?

Kọ́lá Ṣàgámù
Ẹ̀gbọ́n, ó ń bá yín wá a ni o. Ẹ fi hàn án.

Ìyá Ayọ̀
Ó dáa. Alẹ́ Fúráìdeè ló lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, 210,660. Ohun tí wọ́n kọ ni "GSI recovery", lẹ́yìn náà orúkọ báǹkì kan. Kì í ṣe báǹkì tí owó wà. Ṣé orúkọ oní-POS kan ni?

Ẹni Báǹkì Tẹ́lẹ̀
Mà, kò sí ọwọ́ ọkọ yín níbẹ̀. Kì í ṣe PIN ni wọ́n fi gbà á.

GSI tí wọ́n kọ yẹn, Global Standing Instruction ni, ètò tí báǹkì fi ń gba gbèsè padà. Láti oṣù kẹjọ 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé e jáde. Bí èèyàn bá yá owó ní báǹkì kan, ìwé kan wà lára ohun tó máa fọwọ́ sí. Tí kò bá san án lásìkò, báǹkì yẹn lágbára láti wá owó rẹ̀ nínú àkáǹtì yòówù tí èèyàn yẹn ní ní báǹkì mìíràn, torí BVN kan náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báǹkì fún èèyàn, ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀yin pín owó sí ojú márùn-ún, lójú tiwọn, àpò kan ni. Owó tí ẹ yá àti èlé orí rẹ̀ ni wọ́n láṣẹ láti gbà lọ́nà yìí, wọn kì í fi owó ìtanràn kún un.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ yá owó ní báǹkì yẹn?

Ọmọ Òṣogbo
Òṣómàáló ti wọ kọ̀ǹpútà!

Bàbá Dáre
Láyé àwọn baba wa, ológò ni wọ́n ń rán wá síwájú ilé onígbèsè. Á jókòó tì wọ́n, á máa bú wọn, á máa pa adìyẹ wọn jẹ. Èyí tún wá dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Àǹtí Bódìjà
Ìyá Ayọ̀, o dà?

Àǹtí Bódìjà
Ìyá Ayọ̀?

Ìyá Ayọ̀
Mo wà ńbẹ̀. Mo ń sunkún ni.

Mo yá 350,000 lọ́dún 2024. Báǹkì tí ilé-ìwé tí mo wà tẹ́lẹ̀ fi ń sanwó oṣù wa ni. Kì í ṣe tèmi, àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ fi kún owó kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ní òun á máa fún mi lósẹ̀-ọ̀sẹ̀. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi yọ ọ́ lára owó oṣù mi, ni mo bá kúrò ní ilé-ìwé yẹn, ilé-ìwé tuntun ń sanwó sí báǹkì mìíràn. Wọ́n pè mí nígbà méjì, mi ò gbé e. Nígbà tí wọn ò pè mọ́, mo rò pé ó ti tán. Mi ò ka àkáǹtì yẹn mọ́ àwọn tó kù torí kò sí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Bàbá Ayọ̀ ò mọ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi nípa àbúrò mi yẹn kó tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá Dáre
Kẹfà ńkọ́? Mo sọ ọ́, àbí mi ò sọ ọ́?

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà
Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ ná, kò tíì jẹun. Àmọ́ ìwọ náà, Ìyá Ayọ̀. O gbé orúkọ ọkọ lọ sí Ọ̀yọ́ láìwo ohun tí wọ́n kọ sára owó! Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́ igi dínà ẹgbẹ̀fà. Àbúrò yẹn, ṣé ó ń wa kẹ̀kẹ́ náà?

Ìyá Ayọ̀
Ó ti tà á.

Ẹni Báǹkì, ẹ jọ̀ọ́ sà, 180,000 wà nínú ti owó ilé. Oṣù tó ń bọ̀ la máa san án fún lánlọ́ọ̀dù. Ṣé wọ́n lè fọwọ́ kan ìyẹn náà?

Ẹni Báǹkì Tẹ́lẹ̀
Orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀?

Ìyá Ayọ̀
Tèmi. Èmi ni mo ní kó jẹ́ tèmi nìkan. Apá tí Bàbá Ayọ̀ dá wà níbẹ̀.

Ẹni Báǹkì Tẹ́lẹ̀
Tí gbèsè bá ṣẹ́ kù, wọ́n lè fọwọ́ kàn án. Ẹ má sá kiri pẹ̀lú owó o. Ẹ lọ bá wọn láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ní kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ gbèsè yẹn fún yín látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá iye tí wọ́n gbà bá ohun tó ṣẹ́ kù mu. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín in sí oṣooṣù, ẹ sì gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ wọn. Ẹ mú owó díẹ̀ dání lọ. Kí ẹ tún ní kí wọ́n dá alert padà, náírà mẹ́fà ò tó ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ pa á.

Kọ́lá Ṣàgámù
Ilé-ìwé ọmọ náà, ẹ lọ rí ọ̀gá àgbà kí wọ́n tó lé e. Tíṣà ni yín, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n máa ń gba ìdajì.

Àǹtí Bódìjà
Èmi ni mo ní kó o ṣí èyí tí ọkọ ò mọ̀. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. O ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ padà?

Ìyá Ayọ̀
Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún pa á kó tó dún. Mo ń gbé ẹ̀wà lọ bá Bàbá Ayọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àbíkẹ́yìn ń sùn, mo gbé e pọ̀n. Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà
Kúnlẹ̀ kó o tó ṣí ìkòkò ẹ̀wà.

Abẹ̀kẹ́ Aláta
Ẹ káalẹ́ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àbúrò, yí PIN yẹn padà kíá, ọkùnrin ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Bàbá Dáre
Abẹ̀kẹ́, lọ ka ọ̀rọ̀ láti òkè.