Ìjú sí Ìdí-Àrábà: ṣé àgbà tí orúnkún ń dùn lè wọ Red Line, ọkọ̀ ojú irin Èkó?

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ìjú là ń gbé, gbogbo Túsìdeè ni màámi gbọ́dọ̀ dé ọsibítù n'Ídìí-Àrábà kí aago mẹ́jọ tó lù, orúnkún sì ń dùn wọ́n gan-an. Dánfó la ń wọ̀, Agége, Ọ̀ṣọ́dì, ká tún wá ti Múṣin, lọ́sẹ̀ tó kọjá ọkọ̀ ò tíì dúró tán tí kọ̀ndọ́ ti ní kí wọ́n bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n di apá mi mú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ọ̀kadà ò ṣeé gbé wọn gùn. Mo ti ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀, torí Red Line. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́, ṣé lífíìtì ń ṣiṣẹ́ ní stéṣàn Ìjú àti Múṣin, àbí àtẹ̀gùn nìkan ni? Tá a bá sì jáde ní Múṣin, ibo la ti máa rí kẹ̀kẹ́ Ìdí-Àrábà?