Àbùùbùtán ń tètè kú jù lórí tábìlì: báwo la ṣe lè tún eré ọdẹ yìí tò?

Ọmọ Atukọ̀:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Eré ọdẹ àbùùbùtán ni mo ń tò, ti àwọn ará Nantucket àti New Bedford ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1840. Ère 1/72 (sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún 72) ni mo ń lò: ọkọ̀ ńlá kan, ọkọ̀ alájẹ̀ mẹ́rin, sperm whale kan, ìyẹn irú àbùùbùtán tí orí rẹ̀ tóbi. Tábìlì náà jẹ́ 180 sẹ̀ǹtímítà ní òòró, 120 ní ìbú, èèyàn márùn-ún ló ń ta á. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo èèyàn ló ń rí ibi tí ẹja wà. Wọ́n á yí i ká, á sì kú kí ìyípo kẹrin tó parí. Okùn tí wọ́n so mọ́ ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń jù lu ẹja ò wúlò fún ohunkóhun. Ẹja náà tún dà bí èyí tí wọ́n gbé lé orí aṣọ, kò jọ ohun tó wà nínú omi. Kí ni ṣíṣe?

Adájọ́ Ayò:
Ìwọ̀n òkun yín ló ń pa ẹja yẹn. Bí ẹ bá fi 1/72 wọn òkun bí ẹ ṣe fi wọn ère, gbogbo tábìlì yín ò ju 130 mítà lọ, ọkọ̀ alájẹ̀ á sì là á já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ní ti òkun, kí sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún mítà 10, kí ìyípo kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 2. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi gbogbo agbára tù á rin 25 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí wọ́n ń rọra tù kí ẹja má baà gbọ́, 10. Ère á wá tóbi ju òkun lọ, nítorí náà ẹ máa wọn ọ̀nà láti imú ọkọ̀ sí ihò tí ẹja fi ń mí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹja pamọ́. Sperm whale lè wà lókè fún bí ìṣẹ́jú 10, kó wá rì fún 40 sí 60. Ẹ fún un ní ìyípo 5 lókè. Bó bá ti na ìrù sókè báyìí, ẹ gbé e kúrò. Ẹni tó ń darí rẹ̀ á kọ ibi tó dojú kọ àti iye sẹ̀ǹtímítà tó fẹ́ rìn sínú ìwé, á sì dé e mọ́lẹ̀. Ká jókòó fún ìyípo 20 ti pọ̀ jù; ẹ ta dáìsì kan, kí ẹ fi 2 kún un. Kí àwọn ọlọ́kọ̀ pinnu ibi tí wọ́n máa dè é sí kó tó jáde. Ibẹ̀ gan-an ni adùn eré yìí wà.

Ojú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, kò rí ọ̀kánkán iwájú, kò sì rí ọ̀kánkán ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ ta dáìsì: bó bá jẹ́ 3 sókè, ẹja ti rì.

Alókùn:
Òótọ́ ni Adájọ́ sọ, àmọ́ okùn ló yẹ kó gba ọkàn yín jù. Ọkọ̀ kan máa ń gbé bíi 300 fátọ́ọ̀mù nínú ọpọ́n méjì, ìyẹn bíi mítà 550. Ní ìwọ̀n Adájọ́, sẹ̀ǹtímítà 55 ni. Ẹ gé òwú tó gùn tó bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn máa fojú rí bó ṣe ń tán.

Okùn yẹn kì í ti inú ọpọ́n lọ tààrà síwájú. Á kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, á yí òpó kúkúrú tó wà ní ìdí ọkọ̀, á wá gba àárín àwọn atukọ̀ jáde ní imú. Bí wọ́n bá yí i mọ́ òpó lẹ́ẹ̀kan, ẹja á fa 20 sẹ̀ǹtímítà ní ìyípo kan, ẹ̀ẹ̀mejì, 15, ẹ̀ẹ̀mẹta, 10, àmọ́ bí dáìsì bá bọ́ sí 1, omi á bo imú ọkọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi àjẹ̀ sílẹ̀ kó máa da omi sí i nídìí òpó. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, okùn á máa rú èéfín, á sì já. Ẹ ta dáìsì méjì pẹ̀lú: bí méjèèjì bá jẹ́ 1, okùn ti lọ́ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Kí ẹni iwájú fi àáké gé e kíá, tàbí kí ọkọ̀ dojú dé.

Ẹni tó ju ọ̀kọ̀ kọ́ ló ń pa ẹja. Bí ọ̀kọ̀ bá ti wọlé, òun á lọ sẹ́yìn láti di àjẹ̀ ìdarí mú, ọ̀gá ọkọ̀ á sì bọ́ síwájú pẹ̀lú ọ̀kọ̀ gígùn tí wọ́n fi ń gún un pa. Ìyípo kan gbáko nìyẹn láìgún ohunkóhun.

Ọdún 1840 tí ẹ mú dára gan-an, torí ọ̀kọ̀ ìgbà náà sábà máa ń yọ. Ní 1848 ni Lewis Temple, alágbẹ̀dẹ aláwọ̀ dúdú ní New Bedford, ṣe èyí tí orí rẹ̀ ń yí dábùú nínú ẹran. Nígbàkigbà tí okùn bá le, ẹ ta dáìsì: 1 tàbí 2, ọ̀kọ̀ ti yọ. Fún eré ẹ̀yìn 1848, kó jẹ́ 1 nìkan.

Agbẹ́fóòmù:
Ẹja tó gùn tó mítà 16 jẹ́ 22 sẹ̀ǹtímítà ní 1/72, orí nìkan sì gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ má fi fóòmù gbẹ́ odindi. Ẹ gbẹ́ orí àti ẹ̀yìn tó yọ lókè omi, ẹ gbẹ́ ìrù lọ́tọ̀, kí ẹ sì gbẹ́ òkú rẹ̀ tó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun pa fóòmù lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀dà tó kàn án, torí ọ̀dà tí wọ́n ń fín máa ń jẹ ẹ́. Awọ ẹ̀yìn orí rẹ̀ hunjọ: ẹ lẹ tíṣù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ fi ìka tì í jọ nígbà tó ṣì tutù. Àwọ̀ eérú tó pọ́n díẹ̀ ni kí ẹ kùn ún; dúdú kirikiri á pa ìhunjọ yẹn rẹ́.

Ibi tí ara ẹja ti pàdé omi ló ń tú àṣírí. Kí pátákó ìsàlẹ̀ má nípọn ju mílímítà 2 lọ. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ òkun, kó tó wá kan sílíkónì aláìláwọ̀, tí ẹ máa fi ìka tútù fà láti ara ẹja síta. Ọ̀dà akírílíìkì kì í mú sílíkónì tó ti gbẹ, á ṣí bí ìpẹ́. Fún ìfóòfó funfun, ẹ po ọ̀dà elépo díẹ̀ mọ́ sílíkónì fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣe èémí rẹ̀ tó ń tú sókè pẹ̀lú òwú lórí wáyà tó ṣe é yọ. Èémí sperm whale ń dà síwájú àti sí òsì, ti right whale, irú àbùùbùtán mìíràn, pín sí méjì bíi V. Nígbà tí ẹja bá ṣì jìnnà, èémí nìkan ni kí ẹ gbé jáde, kí ẹni tó ń ṣọ́nà lórí òpó gíga ọkọ̀ ńlá sọ irú ẹja tó jẹ́. Ẹ ṣe pupa kan fún ìgbà tí wọ́n bá gún un ní ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ bá ti gbé e jáde, kí gbogbo ọkọ̀ sá sẹ́yìn, torí á jà kíkankíkan kó tó kú.

Ọmọ Atukọ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti ń gé òwú. Ṣé kí ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ̀kalẹ̀ pọ̀?

Adájọ́ Ayò:
Mẹ́ta tó. Kí ìkẹrin dúró láti gbé okùn kún ti ẹlòmíràn tàbí láti kó àwọn tó bọ́ sómi. Ilẹ̀ á ṣú ní ìyípo 30. Ẹ fi káàdì kan ṣoṣo sínú àpò tí ẹja fi lè kọlu ọkọ̀ ńlá. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ẹja rì ọkọ̀ ńlá Essex ní 1820, ó sì rì ọkọ̀ Ann Alexander ní 1851.