Àgọ́ tí mo fọwọ́ ara mi rán ń kán omi lé wa lórí, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, ẹ fara dà á fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi rán àgọ́ yìí. Báńà ìpolówó ńlá méjì tí wọ́n fẹ́ dà nù ni mo fi ṣe ara rẹ̀, mo wá tú aṣọ agboòrùn mọ́kànlá tó ti kán fún ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó tún máṣíìnì mi ṣe ní ó ti dáa, irọ́ ni, ńṣe ló ń fo ìrán. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Àti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkọ mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. A sùn síbẹ̀ lálẹ́ Sátidé, àwa méjèèjì àtàwọn ọmọ. Kílẹ̀ tó mọ́, omi ti ń kán tó, tó, tó. Orí Kẹ́hìndé rin gbingbin. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ìrọ̀rí rẹ̀ wọlé. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Kí ni mo lè fi dí ojú ìrán?

Aránṣọ Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́. Òwú wo lẹ lò? Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mélòó? Ihò tí abẹ́rẹ́ bá dá sára báńà kì í padà dí. Bí ìrán bá sì ṣe pẹ́kípẹ́kí jù, ibẹ̀ ló máa gbà ya. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìrán kọ̀ọ̀kan gùn tó mìlímítà 4, kí ẹ lo abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 àti òwú poliẹ́sítà.

Ọmọ Aláṣọ: Ẹ kàn fi gọ́ọ̀mù silikóònù pa á, ó parí.

Aránṣọ Àgbà: Kò parí o. Silikóònù kì í di báńà mú dáadáa, ó máa ṣí bí èèpo. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ọkọ̀ ojú omi onírọ́bà ni kí wọ́n wá.

Ọmọ Aláṣọ: Tèmi ò tíì ṣí o.

Aránṣọ Àgbà: Ṣé báńà ni tìẹ?

Ọmọ Aláṣọ: Aṣọ agboòrùn ni.

Àbíkẹ́: Àpò ọ̀rá híhun lèmi fi rán tèmi. Omi kọ́ ló bà á jẹ́, oòrùn ni. Mo fọwọ́ kàn án báyìí, ó rún wómúwómú. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ránṣọ mọ́.

Bàbá Àgbà: Agboòrùn mọ́kànlá! Kí lẹ fi ń ṣe nínú ilé kan?

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ṣà wọ́n jọ ni. Àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ lórí ààtàn?

Àdùkẹ́: Ẹ dá mi lóhùn, Ìyá Ìbejì. Òjò yẹn pọ̀ tó bí?

Ìyá Ìbejì: Òjò wo? Òjò ò rọ̀ rárá. Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run. Ohun tó rú mi lójú nìyẹn.

Aránṣọ Àgbà: Haa!

Àdùkẹ́: Fèrèsé mélòó ló ní?

Ìyá Ìbejì: Mo ṣe méjì, mo wá rán wọn pa nítorí ẹ̀fọn. Mo tún fi aṣọ ìnura dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

Àdùkẹ́: Èémí yín ló ń kán lé yín lórí. Ẹni mẹ́rin mí sínú ọ̀rá dídì mọ́jú. Èémí gbóná, báńà tutù, ó di omi, kò sì ríbi gbà jáde. Ẹ má tú ìrán kankan o. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó. Ẹ dá ihò kan sókè, kí ẹ rán ìbòrí sí i lókè, òmíràn sísàlẹ̀ ní òdìkejì. Lọ́sàn-án, ẹ da omi lé e látòde, kí ẹnì kan wà nínú, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ tún dúpẹ́ pé ẹ ò tan àtùpà síbẹ̀. Nínú ibi tó dí pa báyẹn, èéfín tí imú ò gbọ́ ni ì bá pa yín.

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi ló ní kí n rán fèrèsé pa o! Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n lọ jí i.