Fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba: ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú ìjókòó o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Biyi Bandele darí, tó jáde ní 2022, tí wọ́n gbé karí eré oníṣe tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975. Ọdúnladé Adékọ́lá, tó ṣe Ẹlẹ́ṣin, gbìyànjú gidigidi, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ju ohun tí fíìmù náà lè gbé lọ. Kí ni èrò yín?

Èsì: Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí tiyín. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ ìwé náà, nítorí náà nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìyálọ́jà àti Ẹlẹ́ṣin ní Yorùbá, ńṣe ló dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà padà délé. Àwọn òyìnbó inú fíìmù náà ló já mi kulẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò níyọ̀ rárá.

Èsì: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá eré oníṣe Ọba Wàjà kà, èyí tí Dúró Ládiípọ̀ ti fi ìtàn kan náà ṣe ní 1964. Òun ni mo kọ́kọ́ kà, ó sì wù mí ju fíìmù náà lọ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, màá wá a kà.